Kíkọ́ Mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́: Ọjọ́ Mẹ́wàá Gbáko, àbí Oṣù Mẹ́ta Díẹ̀díẹ̀?

Àbúrò mi obìnrin rí iṣẹ́ sí Ìlọrin lọ́dún yìí. Kó tó sọ fún ìyá wa pàápàá ló ti pè mí: "Àǹtí mi, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò báyìí. Ṣé kí n lọ sanwó?" Mo ní kó fara balẹ̀ ná. Èmi náà ti san irú owó yẹn rí, mo sì mọ ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá ẹnikẹ́ni tó ń rò ó lọ́kàn sọ, ì báà jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló wà, ì báà jẹ́ Ọ̀yọ́.

Oríṣi ẹ̀kọ́ méjì ló wà nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kíákíá ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá lójoojúmọ́, wákàtí mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí wọ́n á sì mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dán awakọ̀ wò, kí ara rẹ̀ tó tutù. Ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ti wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ìwé kan náà ni wọ́n ń fúnni ní òpin méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti rò pé èyí tó yá ló sàn.

Wákàtí ni kí ẹ kà, ẹ má ka ọjọ́

Mo ń ta àǹkárá ní Ọjà Àrada. Lọ́dún tí mo ra mọ́tò àkọ́kọ́ mi, mi ò ní àkókò rárá, tàbí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Mo bá gba ti ọjọ́ mẹ́wàá. Àràárọ̀ la máa ń jáde láago méje, a ó sì padà láago mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá, ọgbọ̀n wákàtí nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́rin la wà nínú mọ́tò kan. Ẹnì kan á wà, ẹni mẹ́ta á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa wo ìpàkọ́ ẹni tó ń wà á. Ẹ pín ọgbọ̀n sí mẹ́rin: wákàtí méje àti ààbọ̀ ló kan èmi. Ẹ yọ àkókò tí a fi ń ra epo, àti àkókò tí ọ̀gá fi ń dáhùn fóònù, kò lè tó méje.

Ẹni tó gba díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó ilé kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àbúrò mi ń gba ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn: ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, wákàtí kan kan, òun nìkan pẹ̀lú olùkọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ti lo wákàtí mẹ́rìndínlógún nídìí sítíárì. Ó lé ní ìlọ́po méjì tèmi, bẹ́ẹ̀ tèmi ni gbogbo èèyàn ń pè ní ẹ̀kọ́ tó le.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ilé ẹ̀kọ́ yòówù, kí ẹ tó béèrè iye owó pàápàá, ni pé: "Wákàtí mélòó ni ọwọ́ tèmi gan-an máa fi wà lórí sítíárì, èèyàn mélòó la ó sì jọ wà nínú mọ́tò?" Bí wọ́n bá fi ọjọ́ dá yín lóhùn, ẹ tún un bi. Ẹ̀kọ́ kíákíá tí wọ́n fi mọ́tò kan fún ẹnì kan ṣoṣo lè dára gan-an. Èyí tí wọ́n kó èèyàn mẹ́rin sí, ìwòran ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ilẹ̀ òkèèrè kan kún un, kí ẹ lè mọ ibi tí wákàtí méje wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláṣẹ tó ń ṣe ìdánwò awakọ̀ máa ń sọ pé, ní ìpíndọ́gba, akẹ́kọ̀ọ́ ń lo wákàtí 45 pẹ̀lú olùkọ́, àti wákàtí 22 mìíràn tó ń fi dánra wò pẹ̀lú ẹbí tàbí ọ̀rẹ́. Ọ̀nà tiwọn ní ìlà, ó ní iná, ihò kò sì pọ̀ níbẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ san owó wákàtí 45. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní wákàtí méje ti tó òun láti gba Tàkíé kọjá lọ́jọ́ ọjà, kó rò ó dáadáa.

Ohun tí àlàfo ọjọ́ ń ṣe fún ẹsẹ̀

Ọjọ́ kẹta ẹ̀kọ́ mi ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ kí jíà tó wọlé, dúró lórí òkè láì jẹ́ kí mọ́tò yí padà sẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́jọ́ kẹrin, nǹkan mìíràn la gbé: fífi mọ́tò rìn sẹ́yìn, gbígbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì, yíyí mọ́tò padà lójú ọ̀nà tóóró. Lọ́jọ́ kẹfà tí a padà sórí òkè, ẹsẹ̀ mi kò rántí ohunkóhun mọ́. Mo sunkún, mo ní mi ò lórí ìwakọ̀ ni. Irọ́ ni. Orí mi kò ní àbùkù, ẹrù ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n gbé lé e ní ọjọ́ kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ti ṣe ìwádìí lórí ìgbàgbé látọdún 1885: ohun tí èèyàn bá kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tètè ń sá lọ, èyí tó bá padà sí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ló ń jókòó. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ti ọdún 1978, nígbà tí Baddeley àti Longman tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Àwọn kan ń kọ́ ọ ní wákàtí kan lójúmọ́, àwọn kan ń kọ́ ọ ní wákàtí mẹ́rin lójúmọ́. Àwọn oníwákàtí kan mọ̀ ọ́n láàárín nǹkan bíi wákàtí 55. Àwọn oníwákàtí mẹ́rin lo nǹkan bí 80 kí wọ́n tó dé ibì kan náà. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn oníwákàtí kan ni inú wọn kò dùn jù. Lójú tiwọn, ọjọ́ ń lọ, àwọn kò tíì dé ibìkankan.

Ẹ má gbàgbé apá kejì ìtàn yẹn o. Wákàtí 55, tí a bá ṣe é ní ọ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni. Wákàtí 80 ní mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, tó sì lówó wákàtí tó lé kún un, kò ṣe àṣìṣe bó bá gba kíákíá. Ó kàn ń fi owó ra àkókò ni. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn ra àkókò kó sì tún fẹ́ gé wákàtí kù.

Ó rẹ ara náà. Lẹ́yìn wákàtí méjì nínú mọ́tò tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, lóṣù kẹta tí oòrùn ń ran, ojú akẹ́kọ̀ọ́ á máa wo títì ṣùgbọ́n kò ní máa rí i. Wákàtí kẹta lójoojúmọ́, bíréèkì ọ̀gá ló ń gbà wá là.

Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kọ́ mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́wàá gbẹrẹfu, títì gbẹ, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo gba ìwé, mo ń wakọ̀ lọ sí ọjà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò àkọ́rọ̀ bá mi ní Tàkíé. Mi ò tíì tan ohun tó ń nu dígí rí láyé mi. Mo ń fọwọ́ wá a, dígí ṣú, ọ̀kadà gba ọ̀tún mi, kẹ̀kẹ́ Márúwá gba òsì, tírélà kan sì wà lẹ́yìn mi tó ń fun fèrè. Mo tẹ bíréèkì, mo gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì, mọ́tò kú. Nígbà tí mo tún un ṣáná, ó ń yí padà sẹ́yìn lọ bá tírélà. Ọlọ́run ló yọ mí, àti dẹ́rẹ́bà tírélà náà, tó sọ̀ kalẹ̀, tó fi òkúta sídìí táyà mi, tó ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀, ẹ mí." Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi fọwọ́ kan sítíárì lẹ́yìn náà.

Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta kọ́ mọ́tò ní ìlú yìí, ó ṣòro kí òjò má bá a nínú ẹ̀kọ́, tàbí ọyẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì, yóò rí eruku, yóò rí òjò àkọ́kọ́ tó ń pò mọ́ epo lójú títì tó ń sọ ọ́ di yíyọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá, òjò á kò ó lọ́nà, kùrukùru ọyẹ́ á tẹ̀ lé e. Olùkọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo yẹn. Ẹ̀kọ́ kíákíá kò lè ra ojú ọjọ́.

Ẹ tún wo oríṣi ọ̀nà tí a ní. Ọ̀nà Under-G tó lọ sí yunifásítì LAUTECH: akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá láìwo ọ̀tún wo òsì, ọ̀kadà ń já jáde láti gbogbo kọ̀rọ̀. Àyíká Ọjà Ọba àti Àrada: ẹrù, kẹ̀kẹ́, àwọn ìyá arúgbó tó gbé igbá sórí. Sábó: mọ́tò tó dúró sí àárín títì ń já èrò. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà gbogboogbò tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí tírélà àlùbọ́sà àti màlúù láti Òkè Ọya ti ń sáré lọ sí Èkó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́wàá kì í dé. Wọn kò mú èmi náà débẹ̀.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí pápá ìdánrawò kò lè kọ́ni. Bí mọ́tò bá ń lo kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ó ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlànà ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé ní irú eré bẹ́ẹ̀, mọ́tò tó wà lórí títì gbígbẹ nílò nǹkan bíi mítà 53 kó tó dúró, kí èèyàn sì kà á sí ìlọ́po méjì ó kéré tán bí òjò bá ti rọ̀. Èèyàn lè há ìyẹn sórí ní alẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, àfi kéèyàn ti tẹ̀ lé ẹ̀yìn tírélà lọ́pọ̀ ìgbà, kí ojú sì ti kọ́ bí mítà àádọ́ta ṣe rí.

Owó

Mi ò ní kọ iye kankan síbí, torí ó ń yí padà bí owó epo ṣe ń yí. Bó ṣe máa ń rí ni pé ẹ̀kọ́ kíákíá ń gba owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sì í dá a padà bí àìsàn bá dé láàárín. Ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀, èèyàn lè san án bó ṣe ń gbà á, bí àjọ. Fún oníṣòwò bí èmi, ìyẹn gan-an ni. Ewu tirẹ̀ ni pé ó rọrùn láti já a sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ìgbéyàwó, ọ̀sẹ̀ kejì ìsìnkú, oṣù á parí, ẹsẹ̀ á sì ti gbàgbé. Bí ẹ bá pa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ léraléra, ẹ ti fi owó yín ṣòfò ju ẹni tó gba kíákíá lọ.

Àwọn tí kíákíá yẹ lóòótọ́

Wọ́n wà, mi ò sì ní fi tèmi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọlọ́kadà tó ti gun ọ̀kadà ní ìlú yìí fún ọdún márùn-ún mọ ojú títì ju olùkọ́ mìíràn lọ. Jíà, kílọ́ọ̀ṣì ẹsẹ̀, fífẹ̀ mọ́tò àti dígí ẹ̀yìn nìkan ló kù tí yóò kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan á tó o. Ẹni tó ti wakọ̀ rí tó fi í sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ náà wà níbẹ̀. Ara á rántí, kíákíá ló ń jí i.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n náà ńkọ́? Apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń ṣe títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà fi bọ́ sí apá ọ̀tún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ mọ́tò, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ń wo ibi tí kò yẹ nígbà tó bá fẹ́ yà. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin léraléra pẹ̀lú olùkọ́ á tún ọrùn náà ṣe ju Sátidé mẹ́jọ lọ.

Bí mọ́tò tí ẹ máa wà kò bá ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹrù náà fúyẹ́ púpọ̀, kíákíá kò sì ní pọ́n yín lójú bó ṣe pọ́n mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì fún yín níbi iṣẹ́, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè yẹn ni.

Ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀ ló yẹ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí kò wakọ̀ rí, àti ẹni tó ní mọ́tò nílé àti ẹ̀gbọ́n tó ní láísẹ́ńsì, tó lè jókòó tì í láàárín ọ̀sẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ló ń jèrè jù, torí gbogbo ohun tí olùkọ́ kọ́ ọ ní Sátidé, yóò tún un ṣe ní Túsìdeè lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé kò mọ èyí tí ẹ yàn

Ọ̀dọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ni àṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ti ń wá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ wọn hàn yín, torí láìsí ìwé ẹ̀rí láti ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ náà mọ̀, ẹsẹ̀ yín kò ní kọjá ibi kan. Ẹni ọdún 18 sókè ló lè gba láísẹ́ńsì. Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìdánwò lọ́dọ̀ VIO, fọ́tò àti ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, lẹ́yìn náà ni láísẹ́ńsì ọlọ́dún mẹ́ta tàbí márùn-ún. Nígbà tí ẹ bá ṣì ń kọ́ ọ, kí àmì L pupa wà níwájú àti lẹ́yìn mọ́tò, kí ẹni tó ní láísẹ́ńsì sì jókòó tì yín. Àwọn kan ń ṣèlérí pé àwọn á bá yín gba láísẹ́ńsì láì jẹ́ pé ẹ dé ibi ìdánwò. Ẹ sá fún wọn. Ìwé yẹn kò ní tẹ bíréèkì fún yín.

Ohun tí a ṣe fún àbúrò mi

A dà á pọ̀. Ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, òun nìkan nínú mọ́tò pẹ̀lú olùkọ́, wákàtí méjì lójúmọ́, ìsinmi láàárín. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn wà fún kílọ́ọ̀ṣì, jíà àti sítíárì nìkan, lórí pápá àti ní àwọn òpópónà tí kò kún. Kò sí ìlérí pé yóò mọ̀ ọ́n tán. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Wẹ́sídeè, wákàtí kan kan, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Àrada bá ti tú. Mo ra ìwé kékeré kan fún un. Lẹ́yìn gbogbo ìjókòó, ó ń kọ ohun mẹ́ta sínú rẹ̀: iye ìṣẹ́jú tó lò nídìí sítíárì, ọ̀nà tó gbà, àti ohun tó bà á lẹ́rù.

Mo wo ìwé náà lánàá. Wákàtí mọ́kànlélógún. Òjò, ẹ̀ẹ̀mẹta. Alẹ́, ẹ̀ẹ̀kan. Lábẹ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù, tírélà ló kọ sí ojú ewé mẹ́rin tẹ̀léra. Ní Sátidé tó ń bọ̀, olùkọ́ rẹ̀ á mú un gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ títí dé Odò Ọbà, wọ́n á sì padà kí oòrùn tó ga. Ó ti ní kí n tẹ̀ lé wọn, kí n jókòó sẹ́yìn. Mo ti sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mi ò ní tètè ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà.